Títo kọ̀ǹpútà ní Kaneshie: Ṣé ó yẹ kéèyàn dúró de processor tuntun?

Ìbéèrè kan wà níwájú ẹni tó bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé tàbí fídíò ní Kaneshie, nílùú Accra: ṣé kó rà á báyìí, àbí kó dúró de processor tuntun, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà?

Dọ́là ni àwọn oníṣòwò fi ń ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà wọ Ghana. Nítorí náà, agbára owó cedi ló ń pinnu bóyá ìdúró lérè.

Ẹ wo ọdún 2022. Ní oṣù Kíní, dọ́là kan kò ju cedi mẹ́fà àti díẹ̀ lọ. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni Ryzen 7000 ti iléeṣẹ́ AMD jáde, ó sì nílò motherboard àti mẹ́mórì tuntun. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, dọ́là ti ju cedi 13 lọ. Ìdúró di gbèsè.

Lọ́dún 2025, ọ̀rọ̀ yí padà. Dọ́là tó lé ní cedi 15 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin wálẹ̀ sí nǹkan bíi 10 nígbà tí oṣù Karùn-ún ń parí. Ẹni tó dúró jèrè, àmọ́ cedi ló fún un lérè, kì í ṣe processor.

Bí iṣẹ́ bá ti wà nílẹ̀, kí onítọ̀hún ra motherboard tó lè gba processor ọjọ́ iwájú. Ọ̀pọ̀ motherboard AM4 ti ọdún 2017 ló padà gba Ryzen 5000 tó jáde lọ́dún 2020. Lọ́nà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kò ní dúró, owó kò sì ní ṣòfò.