“Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Dàgbà Ná”

Ní ìpàdé àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá kan tí mo bá wọn pé sí, ọ̀dọ́bìnrin kan dìde, ó sì béèrè pé èé ṣe tí orúkọ obìnrin fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lórí èèpo àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ ni ó dá a lóhùn. Bàbá náà kò bínú, kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, iṣẹ́ yín ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dàgbà ná. Bí wọ́n bá dàgbà tán, ẹ ó rí àyè kọ̀wé.” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí pé ọwọ́ mi ti gbéra kí etí mi tó gbọ́ ohun tí wọ́n wí tán. Láti ọjọ́ náà ni àtẹ́wọ́ yẹn ti ń dùn mí.

Mo fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba pé ìmọ̀ràn yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa wá lára. Bí ẹnì kan bá wí pé obìnrin kò ní ọgbọ́n ìwé kíkọ, a ó bá a jà, a ó sì borí rẹ̀, nítorí irọ́ gbangba ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bàbá wa sọ yìí, ọ̀rọ̀ àánú ni. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. A gbé e mì kí a tó tọ́ ọ wò.

Ẹni tí ó sọ ọ́ gbà pé bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni ọwọ́ ìyá ṣe ń dilẹ̀. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àkókò tí àkọ́bí mi fi wà ní ọmọ ọwọ́ ni mo kọ ewì jù lọ ní ayé mi. N ó pọ̀n ọ́n, n ó dúró ti tábìlì ilé ìdáná, n ó sì máa kọ̀wé lórí ìdúró, nítorí pé bí mo bá fi lè jókòó, yóò jí. Ewì ni mo ń kọ nígbà náà, kì í ṣe pé ewì ni Elédùmarè yàn fún mi, bí kò ṣe pé ìlà ewì kan kò gbà ju àsìkò tí omi ẹ̀bà fi ń hó lọ. Bí omi bá hó, ìlà mi ti parí.

Nísinsìnyí, àwọn ọmọ náà ti di ọmọ ọdún 13, 10 àti 6. Wọ́n ń wẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ń bu oúnjẹ fúnra wọn. Ìgbà tí wọ́n ní kí n dúró dè ti ń wọlé bọ̀ nìyẹn. Kí ni mo rí? Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jí. Bí iná bá wà, mo tan iná. Bí kò bá sí, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Títí di aago márùn-ún ààbọ̀, èmi ni mo ni ara mi. Lẹ́yìn náà ni iṣu tàbí ìrẹsì, aṣọ ilé-ìwé tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já láti àná tí ẹnikẹ́ni kò sọ, owó ọkọ̀, kíláàsì mẹ́rin, àti ìwé àròkọ tí ó tó 80 tí ń dúró de máàkì. Bí mo bá darí délé, àṣetiléwá ti tẹ́ sílẹ̀ dè mí, ìṣirò ọmọ ọdún 10 ìsinsìnyí kò sì jọ èyí tí wọ́n fi kọ́ èmi rárá. Mo máa ń ní láti kọ́ ọ ná kí n tó lè fi kọ́ni.

Síbẹ̀, iṣẹ́ wọ̀nyí kọ́ ni ó wúwo jù. Ọwọ́ ìyá ni ọmọ ọwọ́ ń gbà. Ọkàn rẹ̀ ni ọmọ tí ń dàgbà ń gbà, ọkàn yìí kan náà ni a sì fi ń kọ ìtàn. Ọjọ́ tí àkọ́bí mi kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀, orí kẹrin ìtàn àròsọ mi ni mo wà. (Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.) Mo pa ìwé dé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ kò pọ̀ níbẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ìyá tèmi kò bá mi sọ ni mo ní láti bá ọmọ mi sọ, mo sì fẹ́ fi èdè Yorùbá sọ ọ́, kí ó má ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú, kí ó má sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà. Mo wá ọ̀rọ̀ títí. Mo sọ gbólóhùn kan, mo yí i padà, mo tún un sọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí iṣẹ́ òǹkọ̀wé kọ́ nìyẹn, kí ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ohun mìíràn tún wà tí bàbá wa gbàgbé. Ọmọ ọwọ́ kò mọ̀wé kà. Àkọ́bí mi mọ̀ ọ́n kà. Ní ọjọ́ kan tí ó ń wá rúlà lórí tábìlì mi, ó rí ìwé àfọwọ́kọ mi, ó sì ka orí kẹta. Nínú orí náà, ọmọbìnrin kan tí mo pè ní Àdùkẹ́ gba owó ẹ̀kọ́ àfikún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi ra aṣọ, ó sì parọ́ pé wọ́n jí owó náà ní ọ̀nà. Bàtà ni ọ̀rọ̀ náà ní ilé wa, kì í ṣe aṣọ. Mo ti yí bàtà padà, mo ti yí orúkọ padà, mo sì rò pé mo ti fi ọgbọ́n bò ó. Ọmọ náà dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ìwé wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ ní ẹ ti dárí jì mí. Kí ló dé tí ẹ tún lọ kọ ọ́ sílẹ̀?”

Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wọ ilé-ìwé ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa fi Yorùbá dá mi lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń fi dáhùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó fẹ́ bá mi jà, Yorùbá gidi ni ó fi bá mi jà, gbólóhùn rẹ̀ sì dára ju èyí tí mo kọ sí ẹnu Àdùkẹ́ lọ. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yọ ọ̀rọ̀ owó náà kúrò nínú ìtàn. Bóyá ó yẹ kí n yọ ọ́ tàbí kò yẹ, kò dá mi lójú títí di òní. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà nígbà tí mo ń ṣe díplómà mi, n kò rí lámèyítọ́ kan tí ó kọ́ mi ní ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ yẹn. Èyí sì ni ohun tí ó ń bí mi nínú: ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀ kì í yọjú nínú lámèyítọ́ wa, nítorí pé a ti ní kí àwọn tí ọmọ lè bi í dúró de ọjọ́ mìíràn.

Ẹ wo lítíréṣọ̀ wa fúnra rẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-ògùn, ó sì ti kú kí ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò. Ṣáájú ìwé náà, I. B. Thomas ti tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 àti 1930. Obìnrin ni ó ń sọ ìtàn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkùnrin ni ó sì kọ ọ́. N kò fi èyí bú Thomas. Ó mọ̀ ọ́n kọ dé ibi pé àwọn òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni Sẹ̀gilọlá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìgbà tí obìnrin náà tó lanu: ìgbà tí àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, tí ayé ti kọjá lára rẹ̀. Kò sí ìkòkò lórí iná, kò sí ọmọ tí ń pè é. Láti ìgbà náà ni a ti gbà pé lẹ́yìn tí ohun gbogbo bá parí ni ohùn obìnrin yẹ ní gbígbọ́.

Mo fi orí márùn-ún ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan. Olóòtú wọn kọ̀wé padà, ó yin èdè mi, ó ní ṣùgbọ́n ìtàn náà kò ní ìrìn-àjò, ìdáná sì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ọdẹ ti ń wọ igbó lọ nínú ìwé wa fún ohun tí ó lé ní 80 ọdún. Ta ni ó ń bọ́ àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀ nílé?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi ẹ̀rí hàn pé ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ lè kọ̀wé, ẹ̀rí wà nílẹ̀. Buchi Emecheta, ọmọ Ìbò tí a bí ní Èkó ní 1944, tí ó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017, ọmọ márùn-ún ni ó ń dá tọ́ ní ìlú òyìnbó. Ọkọ rẹ̀ ti fi iná sun ìwé àfọwọ́kọ The Bride Price. Ó fi ọkọ sílẹ̀, ó tún ìwé náà kọ, ó sì jáde ní 1976. Nígbà tí In the Ditch jáde ní 1972, àwọn ọmọ náà ṣì wà ní kékeré. Nígbà tí ó gbé Second-Class Citizen jáde ní 1974, àwọn ọmọ márààrún ni ó ya ìwé náà sí mímọ́ fún, ó sì ka ariwo wọn mọ́ ohun tí ó jẹ́ kí ìwé náà ṣeé kọ. Bí ó bá dúró de ìdákẹ́jẹ́, mélòó nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni à bá rí kà?

Ẹ má sì wí fún mi pé ọ̀nà òyìnbó ni obìnrin yẹn tọ̀. Karin Barber lọ gbé ní Òkukù, ó sì fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1991 pé àwọn obìnrin ilé, àwọn ìyàwó àti àwọn ìyá, ni oríkì ìlú náà wà ní ẹnu wọn jù lọ. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò dúró kí ọmọ dàgbà kí wọ́n tó ki oríkì. Ọmọ gan-an ni wọ́n ń kì, ní òwúrọ̀, nígbà tí ó bá wá kúnlẹ̀ kí wọn.

N kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ọkùnrin. Ọkọ mi a máa fi ìdùnnú sọ fún àlejò pé òǹkọ̀wé ni ìyàwó òun; ọjọ́ tí mo bá jókòó ti ìwé, òun náà ni yóò wá bi mí pé níbo ni iyọ̀ wà. Ṣùgbọ́n àwa náà ń fi ọmọ ṣe gáà. Mo mọ alẹ́ tí àwọn ọmọ ti sùn tán, tí iná wà, tí ara sì yá mi, tí mo jókòó ti tẹlifóònù títí ilẹ̀ fi ṣú wọnú. Ní ọjọ́ kejì, mo wí fún ọ̀rẹ́ mi pé àwọn ọmọ kò jẹ́ kí n kọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn dùn mọ́ wa nínú nítorí pé ó fún wa ní àwíjàre tí ẹnikẹ́ni kò lè bá wa jiyàn lé lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò, bí wọ́n bá ní kí ẹ jíròrò ipò obìnrin nínú ìwé kan tí wọ́n yàn fún yín, ẹ má kàn kọ ọ́ pé ìyá ni wúrà, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo ti máàkì gbólóhùn yẹn títí ó fi sú mi. Ẹ béèrè pé nígbà tí obìnrin yìí ń sọ̀rọ̀, níbo ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà? Ṣé òǹkọ̀wé ti pa wọ́n, ṣé ó ti rán wọn lọ sí oko, tàbí ó kàn gbàgbé wọn? Àǹfààní wo ni gbígbàgbé náà ṣe fún ahunpọ̀ ìtàn? Ẹ ó rí ohun kọ tí ó ju ojú ewé kan lọ.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, ohun kan ni mo ń béèrè fún. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn, kí a sì gba ẹnì kan tí yóò jókòó ti àwọn ọmọ, kí ìyá tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ lè wá kà á sí wa létí. Ẹgbẹ́ tí ó ń rí owó ra ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn olókìkí orí àga gíga yóò rí owó ìyẹn pẹ̀lú. Èmi nìkan yóò mú mẹ́ta wá.