Ọmọ Ti Dé Kánádà, Géèmù Ò Tíì Tán

 Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn òbí wa, a sì rò pé ó tó kí a sọ tiwa sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ọmọ wa tó ti lọ sí Kánádà, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, síbẹ̀ tí wọn kò jáwọ́ nínú géèmù orí fóònù tí wọ́n ń bá àbúrò àti ọ̀rẹ́ wọn ṣe nílé. Àwọn bàbá kan ní ìwà ọmọdé ni. Wọ́n ní ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀, tó yẹ kó máa wá iṣẹ́ àti ìwé ìgbélùú, kí ló ń fi ìbọn orí fóònù ṣe? Ẹjọ́ tàwọn ìyá yàtọ̀: wọ́n ní èyí tó kù sílé kì í sùn mọ́.

Àwa kò sí lẹ́yìn ẹni tó ní kí wọ́n pa géèmù tì pátápátá. Ẹ jẹ́ ká wo ara wa ná. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó bá reluwé gòkè wá ni púpọ̀ nínú wa, reluwé tó ti Èkó wọ Kánò ní nǹkan bí ọdún 1912. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin mìíràn gba Gánà lọ, títí ìjọba Busia fi ní kí àjèjì tí kò ní ìwé kó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Níbi tí wọ́n bá dé, ọpọ́n ayò kì í jìnnà sí wọn. Ìdí ọpọ́n ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó kú nílé, ẹni tó bímọ, ẹni tí ọjà rẹ̀ ti wọ́. Kò sẹ́ni tó pe àgbàlagbà wọ̀nyẹn ní ọmọdé.

Ohun tí ọpọ́n ayò ṣe fún wọn ni fóònù ń ṣe fún àwọn ọmọ yìí. Nínú géèmù bíi Call of Duty: Mobile, tó jáde ní 2019, ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń kó, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ. Ẹ dẹtí sí wọn dáadáa. Lẹ́yìn "wà lẹ́yìn mi" àti "sá wọlé," ẹ ó gbọ́ "ṣé ẹsẹ̀ màmá ti san?" Ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá tiwa níbí, èyí tí "haba" àti "wallahi" kún inú rẹ̀. Ọmọ tí a bí ní Sábọ̀n Gàrí tàbí ní Jọ́ọ̀sì, ta ni yóò bá sọ irú èdè bẹ́ẹ̀ ní Toronto? (Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ o. A kò gbè fún ìyẹn.)

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ àwọn ìyá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà tiwa wà. Ẹni tó wà lókè òkun la fẹ́ bá jà.

Bí ọmọ bá ti ibi iṣẹ́ dé ní Toronto, tó jẹun tán, tó ṣí géèmù ní aago mẹ́wàá alẹ́, aago mẹ́ta òru ti lù nílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Nígbà òtútù wọn, aago mẹ́rin ni. Èyí tó wà ní Houston tún fi wákàtí kan jìnnà sí i. Ti Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló rọrùn: aago kan náà là ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí kan ṣoṣo ló sì ń wà láàárín wa nígbà òtútù. Ọmọ tó ń múra WAEC ló ń jí ní òru yìí, torí ẹ̀gbọ́n pè é. Ṣé ó lè sọ fún ẹ̀gbọ́n tó ń fowó ránṣẹ́ pé òun kò lè wá?

Ẹ tún wo dátà. Eré fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Àtúnṣe tí àwọn tó ni géèmù ń gbé jáde lemọ́lemọ́ ló ń gbé gígà mì. Ní oṣù kìíní 2025, ìjọba gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láàyè láti fi tó 50% lé owó tí wọ́n ń gbà. Lọ́hùn-ún, íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé tí a kì í wọ̀n ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Níbí, kátabá-kátabá là ń rà á. Bí ẹ̀rọ tó ń darí géèmù náà bá sì wà nítòsí ẹ̀gbọ́n, fóònù ti ilé ni yóò máa pẹ́ dáhùn. Ọmọ á yìnbọn, ìbọn kò ní tètè dún, wọ́n á pa á, ẹ̀gbọ́n á sì máa bú u pé ó gọ̀. Ọ̀nà ló jìn, ọmọ kò gọ̀. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní oṣù kẹta 2024, àwọn tó wà lọ́hùn-ún kò pàdánù nǹkan kan.

Nítorí náà, kí ẹni tó lọ ni kó fara mọ́ ti ẹni tó kù. Kó fi géèmù sí ọjọ́ Sátidé, aago méjì ọ̀sán ní Toronto. Aago méje tàbí mẹ́jọ alẹ́ nìyẹn nílé, a ti kírun, a ti jẹun. Kó fi owó dátà ránṣẹ́ kó tó pè. Bí iṣẹ́ kò bá sì gbà á láyè, géèmù tó ń dúró deni wà. Láti ìgbà tí Túndé Ọnàkọ̀yà ti fi ọgọ́ta wákàtí ta chess ní Times Square ní oṣù kẹrin 2024, kò yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé chess fún ẹnikẹ́ni. Lórí Lichess, tí a kì í sanwó fún, ẹ lè fún ara yín ní ọjọ́ kan títí dé mẹ́rìnlá kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ta tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á ta nínú bọ́ọ̀sì, àbúrò á ta lẹ́yìn ẹ̀kọ́, oorun kò bá a lọ.

Ó ku ti ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́wọ́. Nọ́ńbà Nàìjíríà tí ẹ fi ṣí géèmù, ẹ má sọ síìmù rẹ̀ nù. Bí ẹ kò bá fi ṣe ohunkóhun tó gba owó fún oṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ lè pa á. Bó bá tún di oṣù mẹ́fà mìíràn, ó lè di ti ẹlòmíràn. Ẹ máa fi tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tó bá sì wà nínú Google Play yín, ẹ ná an kí ẹ tó yí orílẹ̀-èdè padà níbẹ̀, torí ti Nàìjíríà kò ṣe é ná ní ti Kánádà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni wọ́n ń gbà kí ènìyàn yí i.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni Lọ́ńdọ̀nù ń dá aago padà, Toronto sì ń ṣe tirẹ̀ ní Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Nàìjíríà kì í yí aago. Ẹ̀yin tó wà lọ́hùn-ún ni kí ẹ ránṣẹ́ sílé ṣáájú ọjọ́ náà, kí ọmọ má baà jókòó ti fóònù fún wákàtí kan gbáko.