‘Ó Ń Bọ̀’ Kọ́ Ni ‘Ó Ti Dé’

Ní ìparí ọdún 2019, ẹ̀gbọ́n mi tó ní ilé géèmù kékeré kan ní Isuada kó àjọ. Ó fẹ́ lọ fi owó náà ra ẹ̀rọ géèmù tòkunbọ̀ méjì ní Ọ̀wọ̀. Èmi ni mo dá a dúró. Mo ti rí ìròyìn lórí fóònù, mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, èyí tuntun ti dé, ẹ ṣì mú sùúrù.”

Kò tíì dé. Ìkéde ló dé.

Ọmọ ẹ̀ka wa ni yóò kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Ibá àṣetán ni ‘ti dé’, àìṣetán ni ‘ń bọ̀’. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìpele ń bọ̀, ẹni tó ń bọ̀ láti London náà ń bọ̀. Àárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù ti ń ṣòwò.

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, 2019, Sony kéde pé PS5 yóò jáde ní ìparí 2020, fún ọjà Kérésìmesì. Ní oṣù Kejìlá, Microsoft fi Xbox Series X hàn. Wọn kò sọ iye rẹ̀. Ó di oṣù Kẹsàn-án, 2020 kí Microsoft tó dárúkọ dọ́là 499. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Sony náà sọ tirẹ̀: 499.99, àti 399.99 fún èyí tí kì í lo díìsìkì. Bí ìyá ọlọ́jà méjì tí ìsọ̀ wọn kọjú síra, tí ẹnìkan ń dúró kí ẹnìkejì kọ́kọ́ dá iye lé ọjà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń tètè sọ̀rọ̀? Kí owó rẹ má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Lọ́dún 1999, Dreamcast ti Sega ń múra àtiwọ Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án. Láti oṣù Kẹta ni Sony ti ń fi agbára PlayStation tó ń bọ̀ yangàn, bẹ́ẹ̀ PS2 kò dé Amẹ́ríkà títí di oṣù Kẹwàá, 2000. Ní oṣù Kìn-ín-ní, 2001, Sega kéde pé àwọn kò ní ṣe Dreamcast mọ́. Ìkéde nìkan kọ́ ló pa á o. Sega ti ń pàdánù owó tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ìkéde lè pa ọjà onílé náà. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí Nintendo fi dúró di ọjọ́ 16, oṣù Kìn-ín-ní, 2025 kó tó fi Switch 2 hàn. Ẹni tó máa ra Switch àtijọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní Kérésìmesì ti rà á tán. Oṣù Kẹrin ni wọ́n tó sọ iye rẹ̀, ó sì jáde ní oṣù Kẹfà.

Wọ́n á ní ọjà wọn ni, ìgbà tó wù wọ́n ni wọ́n lè sọ̀rọ̀. N ò gbà. Ẹni tí kò tíì lè sọ iye ọjà kò yẹ kó máa ní kí ènìyàn dúró de òun. Ìṣẹ́jú tí ìkéde dé New York náà ló ń dé Isuada, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè gba ọdún mélòó kan kó tó di tòkunbọ̀ tí apá wa ká.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Kòrónà dé, náírà já wálẹ̀. Ìgbà tó padà lọ sí Ọ̀wọ̀, ẹyọ kan ni owó ẹ̀rọ méjì rà. Kò bá mi wí rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọdé kan wọlé, ó ní òmíràn ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá a lóhùn, èmi ló wò. Mo ní, “Ó ń bọ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá.”