Nítorí ọta ìbọn, ẹ̀gbọ́n mi ò rí oorun sùn ní Texas

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí fóònù bá dún láago kan òru, tẹ́ ẹ sì rí i pé òkè òkun ni wọ́n ti ń pè, kí ló máa ń kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn? Ní tèmi o, àyà mi já. Mo ti ń wá sálúbàtà mi kiri kí n tó gbé fóònù ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé nítòsí Houston, ní Texas, ló pè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?" Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, àbúrò. Ọ̀rọ̀ ọta ìbọn ni. Ìwọ tó o máa ń ka gbogbo ìwé, èwo ni kí n mú nínú 243 àti 30-06?"

Ọta ìbọn láago kan òru! Inú kọ́kọ́ bí mi díẹ̀. Àmọ́ nígbà tó rojọ́ ohun tójú ẹ̀ rí fún mi tán, èmi náà ò lè sùn mọ́.

Ọmọ ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe pé ó kàn ń fi ìbọn ṣe fáàrí. Bàbá wa àgbà lo ṣakabùlà títí ojú wọn ò fi ríran mọ́. Nígbà tí òun náà wá dé Amẹ́ríkà, tó gba ìwé ọmọ onílùú, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kó jẹ́ káwọn jọ máa lọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Ẹ má rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ o. Òfin Texas ní kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí láti September 2, 1971 kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ, kó sì ra ìwé àṣẹ. Ilẹ̀ onílẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, owó lèèyàn sì ń san kó tó wọ̀ ọ́ lọ ṣọdẹ. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni ìgbà ọdẹ gbogbogbòò máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àgbọ̀nrín tiwọn náà yàtọ̀ sí tiwa. Ìwo akọ rẹ̀ ní ẹ̀ka bí igi, ọdọọdún ló sì ń já bọ́ tí òmíràn ń hù. Abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun báláú, bó bá ti fura báyìí, á na ìrù sókè, ó di wéré.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan níbi iṣẹ́ yá a ní ìbọn 30-06. Àgbọ̀nrín kan jáde sí i, kò ju ọgọ́rùn-ún yáàdì lọ, ó dúró, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn án. Ẹran tí ọmọdé lè pa nìyẹn! Ẹ̀gbọ́n mi yìnbọn, ikùn ló bà. Ẹran sá wọgbó. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wá a títí di ọ̀gànjọ́ òru, wọn ò rí i. Igún ló júwe ibi tó kú sí fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹran ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe ẹran tó ṣòfò ló dun òun tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé odindi òru ni nǹkan ẹlẹ́mìí fi jẹ̀rora nítorí òun. Ó ní bí bàbá àgbà bá wà láyé, òun ò ní lè wo ojú wọn.

Látìgbà yẹn ni kálukú ti ń gbà á nímọ̀ràn. Àwọn kan ní ìbọn tó lò kéré ni, kó lọ ra èyí tó tún lágbára ju 30-06 lọ. Ìyàwó ẹ̀ ní kó fi ọdẹ sílẹ̀ fún ọlọ́dẹ. Ẹni tó ń ta ìbọn wá ní kó gbé 243.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tá à ń sọ. 30-06 yìí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní tátì-ọ́ọ̀tì-síìsì, ọta ológun ni tẹ́lẹ̀. 30 yẹn ni fífẹ̀ ẹnu ìbọn, ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún íńṣì. 06 ni ọdún 1906 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà á wọlé. Òun ni wọ́n gbé lọ sógun àgbáyé méjèèjì. Ní ti 243, ọdún 1955 ni Winchester gbé e jáde. Ṣe ni wọ́n mú ilé idẹ tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí fún ọta 308, wọ́n wá fún ọrùn rẹ̀ pọ̀ kí ọta tó tín-ín-rín lè wọ̀ ọ́. Ọta àgbọ̀nrín ti 243 sábà máa ń jẹ́ 100 grain, ti 30-06 máa ń jẹ́ 150 sí 180. Ẹ má jẹ́ kí grain yẹn dẹ́rù bà yín, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni èjìká. Bí ìbọn méjèèjì bá wúwo bákan náà, bí 30-06 ṣe ń gbá èèyàn sẹ́yìn tó ìlọ́po méjì ti 243. Nílé wa níbí, ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ wọn ẹ̀tù, ó mọ̀ pé èyí tóun rọ fún àparò kọ́ lòun máa rọ fún ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n kátíríìjì òyìnbó, wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún ẹ láti ilé iṣẹ́. Bó ṣe wà ni wàá ṣe gbà á sí èjìká.

Mo wá bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ má bínú o, nígbà tẹ́ ẹ yìnbọn yẹn, ṣé ojú yín là sílẹ̀?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Àbúrò, mi ò mọ̀."

Mo ní kó lọ dán kinní kan wò. Kó ní kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa bá a ki ìbọn níbi tí wọ́n ti ń fi pátákó dánra wò, kó máa fi ọta tí kò ní ẹ̀tù há àárín àwọn gidi, kí òun má mọ èyí tó kàn. Bó bá kan èyí tí kò ní ẹ̀tù, tí ẹnu ìbọn ṣì fò tàbí tó tẹrí ba, a jẹ́ pé ara ẹ̀ ló ti ń sá fún ìgbá kó tó dé. Lọ́jọ́ Sunday ó pè mí padà. Ẹnu ìbọn tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìbọn ọlọ́ràn ò kéré rárá, òun ló ń bẹ̀rù ẹ̀!

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní 243 ni kó mú. Kì í ṣe ìbọn ọmọdé báwọn kan ṣe ń pè é. Nílẹ̀ England, òfin àgbọ̀nrín ti 1991 kò fẹ́ ìbọn tí ẹnu rẹ̀ bá kéré ju 0.240 íńṣì lọ fún púpọ̀ nínú àgbọ̀nrín wọn, 243 sì yege. Àwọn àgbọ̀nrín Texas náà kì í sábà tóbi tó ti apá àríwá Amẹ́ríkà.

Àmọ́ mi ò ní tan ẹ̀gbọ́n mi jẹ. 243 kì í dárí ji èèyàn. Ọta ẹ̀ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ lè tì í. Ihò tó ń dá kéré, ẹ̀jẹ̀ lè má pọ̀ nílẹ̀ téèyàn á fi tọpa. Bí ẹran bá kọ ìdí sí i tàbí tó dojú kọ ọ́, kó má yìn ín. Níbẹ̀ yẹn, 30-06 ju 243 lọ, ọta tó wúwo á la eegun èjìká kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ni kó máa dúró dè, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, kó má sì kọjá igba yáàdì. Ẹni tí èjìká ẹ̀ bá gba 30-06 láì dijú, kó máa lo tiẹ̀ lọ, jàre. Bó bá sì jẹ́ elk ló fẹ́ lọ pa, ẹran tó tóbi ju màlúù ẹlòmíì lọ, mi ò jẹ́ dárúkọ 243 fún un.

Ohun kan ṣì wà tó bà mí lẹ́rù. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tún ń ta 243 tí ọta ẹ̀ jẹ́ 55 sí 58 grain, tí wọ́n fi ń pa àwọn ẹran kéékèèké. Bó bá ti wọ ara ló ń fọ́ wẹ́wẹ́, kò ní dé ibi tó yẹ kó dé lára àgbọ̀nrín. Páálí wọn jọra! Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ka ara páálí náà lẹ́ẹ̀mejì, kó má rà á bí kò bá rí 95 tàbí 100.

Ó ti rà á báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi fọ́tò pátákó tó yìn ránṣẹ́ sí mi: ihò mẹ́ta láti ọgọ́rùn-ún yáàdì, àtẹ́lẹwọ́ kan bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó ní ojú òun là kedere lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú mi dùn, mo kí i kú oríire, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé bó bá pa àgbọ̀nrín lóṣù kọkànlá, kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kílẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wa kó tó pè.