Ọmọ tó ń sáré lórí yìnyín: kí ló yẹ kó ṣe nígbà ooru?

Ọ̀pọ̀ yín ló ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Họ́láńdì, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wọ bàtà onírin gígùn sáré lórí yìnyín. Tó bá ti di oṣù kẹta, ìdíje ọdún náà máa ń parí, ọ̀pọ̀ pápá yìnyín á sì wà ní títì títí di oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Àsìkò yìí làwọn òbí kan máa ń fi ọmọ sílẹ̀ sídìí tẹlifíṣàn. Àwọn mìíràn sì ń lé e láràárọ̀ bí ẹni ń lé ẹṣin. Méjèèjì kò dára.

Ẹni tó ń sá eré yìí máa ń lóṣòó, á tẹ̀ síwájú, orúnkún rẹ̀ á ká. Itan, ìdí àti ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù náà. Ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n sì máa ń yí sí lórí pápá. Bí ọmọ bá ń ṣe èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, eegun tó ṣì ń dàgbà kò ní rí ìsinmi.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

1. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, dá a lámọ̀ràn lọ́dún 2016 pé kí ọmọ máa fi eré kan ṣoṣo tó gbájú mọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lọ́dún, ó lè gbà á ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kó sì máa sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ kó ṣe eré mìíràn. Kẹ̀kẹ́ gígùn dára púpọ̀, torí ó ń fún itan lágbára láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ń gbálẹ̀. Eric Heiden, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba góòlù 5 ní Lake Placid lọ́dún 1980, gun kẹ̀kẹ́ nínú Tour de France lọ́dún 1986. Nígbà tó yá, ó di dókítà eegun. Bàtà onítáyà náà dára: òun ni Erin Jackson fi bẹ̀rẹ̀ ní Florida, níbi tí ooru ti ń mú, kó tó gba góòlù mítà 500 ní Beijing lọ́dún 2022. Ẹ rí i pé ọmọ dé àṣíborí.

3. Eré inú ilé. Kó máa lóṣòó kó sì dìde, kó máa fi ẹsẹ̀ kan dúró, òsì bíi ọ̀tún. Kó má gbé irin wúwo tí olùkọ́ kò bá sí níbẹ̀.

4. Oúnjẹ àti oorun. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ àti omi dáadáa. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10.

Bí ibi tó yọ gọngọ lábẹ́ orúnkún bá ń dun ọmọ, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé iṣan itan ló ń fa eegun tó ń dàgbà. Ẹ dín eré rẹ̀ kù, kí ẹ fi aṣọ di yìnyín lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Àmọ́ tó bá wú, tó ń tiro, tàbí tí ìrora ń jí i lóru, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà, tí wọ́n bá pè yín lórí fóònù, ẹ má bi ọmọ náà ní ipò tó gbà nìkan. Ẹ bi í bó ṣe sùn, ohun tó jẹ, àti ibi tó ń dùn ún. Ohun tó ń fi pamọ́ fún olùkọ́ rẹ̀, ó lè sọ ọ́ fún yín. Bí ọmọdé bá ń gégi nínú igbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.