Orí Ni Kó Kọ́kọ́ Gbà Á, Kí Ẹ̀rọ Tó Gbà Á

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, mo fẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ní Sátidé kan, à ń kọ́ ẹsẹ kan lọ́wọ́ ní kíláàsì wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, fóònù méje ló jáde sórí tábìlì, gbogbo wọn ń gba ohùn mi sílẹ̀. Inú mi dùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní kí wọ́n ké ẹsẹ náà fún mi. Kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀kan nínú wọn wá fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ó wà nínú fóònù mi."

Kí n má purọ́, èmi náà jẹ̀bi. Lọ́dún tó kọjá, bátìrì fóònù mi kú ní ibùdókọ̀ ojú irin lálẹ́. Aláàánú kan yá mi ní tirẹ̀ kí n fi pe ìyàwó mi. N kò mọ nọ́ńbà rẹ̀! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi tí mo máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ kí irú fóònù yìí tó dé, mo ṣì lè kà á lójú oorun.

Èmi kò bá ẹ̀rọ jà o. Ní 1951, ní ìlú Ọ̀yọ́, Sàlàkọ́ ké àwọn ẹsẹ ẹẹ́rìndínlógún fún William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde ní 1980 wà lọ́wọ́ wa títí dòní. Bí Bascom kò bá gbà á sílẹ̀, bóyá là bá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: níbo ni Bascom ti rí ohun tó gbà sílẹ̀? Orí Sàlàkọ́ ni. Bí orí Sàlàkọ́ bá ṣófo, kí ni Bascom ì bá gbé lọ sílé?

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń sọ fún mi pé Ifá àti kọ̀ǹpútà, ọ̀kan náà ni. Òótọ́ ni pé ìṣirò wọn jọra. Ojú 8 ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé, nítorí náà ọ̀nà 256 ló lè gbà balẹ̀. Báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà náà ní àyè 8, àmì rẹ̀ náà sì jẹ́ 256. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì odù dà bí ilẹ̀kùn lásán ni. Ẹsẹ ló wà nínú ilé. Ẹni tó ní ìṣòro jókòó síwájú rẹ, kò sọ ohun tó ń dùn ún fún ọ. O ní láti ké ẹsẹ kan, kí o ké òmíràn, títí èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu yóò fi jáde. Báwo lo ṣe fẹ́ wá a nínú fóònù, nígbà tí o kò tíì mọ èyí tí ò ń wá?

Ẹ wo àwọn awakọ̀ táksí dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù yìí. Kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ, wọ́n ní láti kọ́ nǹkan bí 25,000 òpópónà sórí, láàárín máìlì 6 sí Charing Cross. Ọdún 3 sí 4 ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ́ ọ. Katherine Woollett àti Eleanor Maguire yẹ ọpọlọ àwọn tó ń kọ́ ọ wò, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àbájáde wọn jáde ní 2011. Lára àwọn tó yege, apá ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń pè ní hippocampus, tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí, ti pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí kò yege. Òpópónà ni wọ́n kọ́, kì í ṣe ẹsẹ Ifá, n kò sì sọ pé ọgba ni méjèèjì. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọpọlọ àgbàlagbà pàápàá ṣì lè yí padà tí a bá fún un níṣẹ́ ṣe.

Nítorí náà, èyí ni ìmọ̀ràn mi. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà nínú báàgì nígbà tí olùkọ́ bá ń ké e lẹ́ẹ̀mẹta àkọ́kọ́. Ẹ fi etí gbà á, ẹ fi ẹnu dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ fi ṣàtúnṣe nílé. Kí ẹ tún gba ohùn ara yín sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ kó lè sọ ibi tí ohùn yín ti ṣì. Ìyẹn ni lílo ẹ̀rọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹsẹ kan lọ́sẹ̀ kan kò pọ̀ jù. Tí ọdún bá yí po, ó ti lé ní 50. Èmi náà ti kọ́ nọ́ńbà ìyàwó mi sórí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, n kò ní béèrè ohun tó wà nínú fóònù yín o. Ẹ yáa múra.