Ẹ Má Pa Wi-Fi, Ẹ Jẹ́ Ká Pín In

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ ka tèmi kí agogo tó lù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan ní SS3 wọ yàrá kọ̀ǹpútà lákòókò ìsinmi, ó fẹ́ tẹ slip JAMB rẹ̀ jáde. Ojú ìwé yẹn ń yí, ó ń yí, kò ṣí. Àwọn mẹ́ta wà lẹ́yìn tí wọ́n ń fi Wi-Fi kan náà daúnlóòdù fíìmù sórí fóònù. Agogo lù, ẹ̀gbọ́n ò rí nǹkan kan tẹ̀. Lẹ́yìn ilé-ìwé, ó gun ọ̀kadà láti Ìgbàyè níbí lọ sí Òkukù, ó sì fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní káfè. Kí n má parọ́, mo wà lára àwọn mẹ́ta yẹn.

Ní báyìí, a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yí password padà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má lè lò ó mọ́. Mo mọ ìdí tí inú fi ń bí àwọn olùkọ́ wa. Àmọ́ bí wọ́n bá tì í mọ́ gbogbo wa, ẹni tó fẹ́ tẹ slip náà ló tún máa jìyà. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n pín in.

Ẹ wo ìdí ẹ̀rọ omi. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá wá ò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá wá bu ife omi kan tó fẹ́ fi fún ọmọ lóògùn, a máa ní kó kọ́kọ́ bu tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Wi-Fi rí. Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan péré nínú fíìmù tó mọ́ kedere lè jẹ tó 3GB dátà. Slip JAMB ò lè jẹ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ife omi ni slip, kẹ́ẹ̀gì ni fíìmù wa.

Ọ̀pọ̀ router ló ní ibi tí wọ́n ti lè ṣètò iṣẹ́ tó máa kọ́kọ́ kọjá, àti ìwọ̀n tí fóònù kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ká ní 10Mbps ni tiwa, tí a sì jẹ́ mẹ́wàá lórí rẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹnikẹ́ni má gbà ju 1Mbps lọ. Fíìmù á máa rọra bọ̀, ojú ìwé náà á ṣí.

Àwọn àgbà náà ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀bẹ̀, Netflix àti YouTube sì dín bí àwòrán wọn ṣe mọ́ tó kù, kí ọ̀nà lè gba àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń kàwé nílé. Wọn ò ti ilé ìtàgé pa.

Ẹnìkan á ní ẹni tó kọ́kọ́ dé odò ló ń pọn omi tó tòrò. Òótọ́ ni, àmọ́ odò ò ní prefect. Tiwa ní. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ojúsàájú, torí ọ̀rẹ́ ló ń sọ password fún ọ̀rẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n kọ òfin náà sára ilẹ̀kùn: tí ilé-ìwé bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ìdánwò àti iṣẹ́ àṣetiléwá ló kọ́kọ́ lọ, JSS1 ì báà jẹ́, SS3 ì báà jẹ́. Fíìmù, orin àti géèmù, ó di ìgbà tí a bá jáde. Kí wọ́n wo bí a ṣe ń lò ó tó, kí wọ́n má wo ohun tí à ń kà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi: bọ́ọ̀lù tí ẹ̀ ń wò ní staff room náà, kẹ́ẹ̀gì ni.

Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò ní. Mo ti lọ bẹ ẹ̀gbọ́n yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n san owó ọ̀kadà òun. Mo ti san án.